Orí Keje: Àwọn Aláìsàn Tí Ọ̀rọ̀ Wọn Yàtọ̀

Ìwádìí òde òní lórí jẹjẹrẹ, àrùn ọkàn àti aléjì

Ète orí yìí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

1. ṣàlàyé bí oògùn jẹjẹrẹ kan ṣe tú àṣírí aléjì ẹran;
2. sọ iṣẹ́ tí jíìnì PCSK9 àti BRCA ń ṣe, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá bàjẹ́;
3. fi ẹ̀rí ìwádìí ṣàlàyé àyípadà tó bá ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní Áfíríkà;
4. fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun méjì tó jọ ń rìn pọ̀ àti ohun méjì tí ọ̀kan fa èkejì.

Aláìsàn tó jọ gbogbo aláìsàn ni ìwé ìṣègùn fẹ́ràn. Òun ni wọ́n fi ń ṣírò ìwọ̀n oògùn, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń yà sínú ìwé. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tuntun tí ayé mọ̀ nípa jẹjẹrẹ, àrùn ọkàn àti aléjì láti nǹkan bí ogún ọdún wá, ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti ẹlòmíràn mu ló ti wá: ẹni tí ara rẹ̀ kọ oògùn, ẹni tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ọmọ ìkókó tó ń jẹ ẹ̀pà tí nǹkan kan kò ṣe é. Ipasẹ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni orí yìí yóò tọ̀.

7.1 Oògùn kan, ìlú méjì

Ní oṣù kejì ọdún 2004, FDA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí oògùn kan tó ń jẹ́ cetuximab fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, oògùn náà kò dá wàhálà ńlá sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, àwọn tí ara wọn ń kọ̀ ọ́ gidi kì í tó mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní Tennessee àti North Carolina, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Bí oògùn náà ṣe ń wọ ara fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ara àwọn kan ń sú, tí ọ̀fun wọn ń dí, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń já wálẹ̀ lójijì. Àwọn dókítà ibẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn 88 wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2007: ìdá 22 nínú 100 ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí.

Ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, nítorí aléjì kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ara ní láti kọ́kọ́ pàdé nǹkan náà, kó sì ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní IgE sílẹ̀ dè é. Tọkọtaya onímọ̀ ọmọ Japan, Kimishige àti Teruko Ishizaka, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe IgE ní Denver lọ́dún 1966. Gunnar Johansson àti Hans Bennich náà kéde irú rẹ̀ ní Uppsala, ní Sweden, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. IgE máa ń jókòó sára àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó wà nínú awọ ara, ọ̀nà èémí àti ìfun. Bí ohun tí wọ́n ń ṣọ́ bá tún wọlé, IgE á dì í mú, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á sì tú histamine jáde. Histamine yìí ló ń mú kí ara máa yún, kí ètè wú, kí imú dí, kí èémí má sì já gaara. Bó bá pọ̀ lápọ̀jù, ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn aláìsàn Tennessee kò sì tíì gba cetuximab rí kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Kí wá ni ara wọn ti pàdé?

Thomas Platts-Mills, onímọ̀ nípa aléjì ní Yunifásítì Virginia, àti Christine Chung pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà pa mọ́ jáde, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì náà jáde ní March 2008 nínú *New England Journal of Medicine*. Nínú aláìsàn 25 tí ara wọn kọ oògùn náà, 17 ló ti ní IgE tó ń bá a jà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní oògùn rárá. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò gba cetuximab wò. Ní Tennessee, ènìyàn 15 nínú 72 ló ní IgE yìí. Ní Boston, ènìyàn 2 péré ni nínú 341.

Ohun tí IgE náà ń dì mú kì í ṣe ojúlówó oògùn. Ṣúgà kan tó lẹ̀ mọ́ oògùn náà lára ni, alpha-gal lorúkọ rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì eku ni wọ́n ti ń ṣe cetuximab, sẹ́ẹ̀lì eku ló sì fi ṣúgà yìí sí i. Alpha-gal wà lára màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn àti ewúrẹ́. Kò sí lára ènìyàn, kò sì sí lára àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Jíìnì tó ń ṣe é ti kú lára ìran wa láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

7.2 Eégbọn inú igbó Virginia

Ẹran màlúù kò ṣọ̀wọ́n ní Boston, nítorí náà kì í ṣe ẹran jíjẹ nìkan ló kó IgE náà wọ ara àwọn ará Tennessee. Àwọn olùwádìí gbé àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Agbègbè tí cetuximab ti ń dá wàhálà sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi kan náà tí ibà kan tí wọ́n ń pè ní ibà Rocky Mountain ti ń ṣe ènìyàn, eégbọn ló sì ń gbé ibà yẹn kiri. Bí ìfura ṣe ṣí sórí eégbọn nìyẹn, pàápàá *Amblyomma americanum*, èyí tí abo rẹ̀ ní àmì funfun kan lẹ́yìn.

Platts-Mills fúnra rẹ̀ di ara ẹ̀rí. Lọ́dún 2007 ó rìn nínú igbó orí òkè Blue Ridge, àwọn ọmọ eégbọn sì bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò, ó sì rí i pé IgE tó ń bá alpha-gal jà ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó jẹ ẹran àgùntàn ní London nírọ̀lẹ́. Nǹkan kan kò ṣe é nídìí oúnjẹ. Nígbà tí òru jìn ni ara rẹ̀ tó sú káàkiri.

Pípẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti fura sí i tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ aléjì oúnjẹ ló ń yọjú kí ènìyàn tó dìde nídìí àwo. Ti alpha-gal máa ń pẹ́ tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà, nígbà tí aláìsàn ti sùn. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé inú ọ̀rá ẹran ni ṣúgà náà ń bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá kì í sì í tètè dà nínú ikùn. Ní ìlú Sydney, ní Australia, dókítà Sheryl van Nunen ti ń rí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí eégbọn ilẹ̀ wọn jẹ kí ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹran. Adìyẹ àti ẹja kò ní alpha-gal, wọn kì í sì í pa irú aláìsàn yìí lára.

Lọ́dún 2023, CDC, àjọ tó ń kojú àrùn ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé àwọn tí ìṣòro yìí kàn lórílẹ̀-èdè náà lè tó 450,000.

7.3 Láti orí ẹran dé inú ọkàn

Ibi tí ọ̀rọ̀ eégbọn yìí ti kan ọkàn ni ẹ̀ka tó tuntun jù nínú rẹ̀. Lọ́dún 2018, Jeffrey Wilson, Coleen McNamara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Virginia tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 118 tí wọ́n ti ya àwòrán iṣan ọkàn wọn. Nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 ló ní IgE alpha-gal nínú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò ṣàròyé pé ẹran ń ṣe àwọn ní nǹkan kan. Ọ̀rá tó dì mọ́ inú iṣan ọkàn àwọn wọ̀nyí fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì hàn jù lára àwọn tí kò tíì ju ẹni ọdún 65 lọ.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ níbí. Ìwádìí náà fi hàn pé IgE yìí àti ọ̀rá inú iṣan jọ ń rìn pọ̀. Kò fi hàn pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀hónú tí ara ń fi hàn sí ẹran lójoojúmọ́ ló ń ba iṣan jẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó ń gbé nítòsí igbó, tí eégbọn ń jẹ, ní àṣà mìíràn tó ń kó ọ̀rá sí iṣan. Ìwádìí tí wọ́n bá ti rí ohun méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Àfi kí wọ́n tẹ̀ lé àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí kí wọ́n mú ohun kan kúrò kí wọ́n wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Alpha-gal kan ọkàn lọ́nà mìíràn tí kò ní iyèméjì nínú. Ọkàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, oníṣẹ́ abẹ lè fi èyí tí wọ́n fi ẹran ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe rọ́pò rẹ̀. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fi ń bi aláìsàn báyìí bóyá ẹran máa ń ṣe é ní nǹkan kan lóru.

Ní December 2020, FDA fọwọ́ sí irú ẹlẹ́dẹ̀ kan, GalSafe, tí wọ́n ti pa jíìnì alpha-gal lára rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Maryland, ní Baltimore, gbé ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti tún jíìnì rẹ̀ ṣe níbi mẹ́wàá sínú ọkùnrin ẹni ọdún 57 kan tí ọkàn tirẹ̀ ti kọṣẹ́. Jíìnì alpha-gal wà lára àwọn tí wọ́n yọ. Ọkùnrin náà gbé oṣù méjì sí i láyé.

7.4 Àwọn tí ọ̀rá kò gbé ní Dallas

LDL ni orúkọ irú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ tó ń dì mọ́ iṣan. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ohun kan lára tó ń gbá LDL mú, tó sì ń fà á wọlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí ní Paris, Marianne Abifadel àti Catherine Boileau láàárín wọn, ń ṣèwádìí lórí àwọn ìdílé Faransé kan tí LDL wọn ga láti ìran dé ìran. Wọ́n rí i pé jíìnì kan, PCSK9, ló ń ṣe ju bó ṣe yẹ lọ lára wọn. Iṣẹ́ èròjà tí PCSK9 ń ṣe ni láti ba àwọn agbá-LDL-mú wọ̀nyí jẹ́. Bó bá ti ṣe iṣẹ́ náà jù, ẹ̀dọ̀ kò ní lè palẹ̀ ọ̀rá mọ́.

Ní Dallas, ní Texas, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen yí ìbéèrè náà padà. Bí PCSK9 tó ń ṣe jù bá ń gbé LDL ga, ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ pátápátá ńkọ́? Ìwádìí wọn, tí wọ́n ń pè ní Dallas Heart Study, ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ìgbà náà kò ní: nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n ka jíìnì àwọn tí LDL wọn kéré jù lọ, wọ́n rí oríṣi ìbàjẹ́ méjì tó ń dá PCSK9 dúró. Nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ló ní ọ̀kan nínú wọn. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Lọ́dún 2006 ni ọ̀rọ̀ náà wá dá ṣáṣá. Wọ́n wo aláwọ̀ dúdú 3,363 tí ìwádìí mìíràn ti tẹ̀ lé fún ọdún 15. Àwọn tó ní ìbàjẹ́ yìí, tí wọ́n jẹ́ ìdá 2.6 nínú 100, ní LDL tó fi ìdá 28 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù. Ewu àrùn iṣan ọkàn lára wọn sì fi ìdá 88 nínú 100 kéré. Wọ́n tún rí obìnrin kan tí tìyá tìbàbá fún ní PCSK9 tó bàjẹ́: LDL rẹ̀ jẹ́ 14 péré, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń ju 100 lọ. Ara rẹ̀ le koko, ó sì ti bímọ. Àwọn olùwádìí ti fojú rí i báyìí pé ènìyàn lè wà láìní PCSK9 kí ohunkóhun má sì ṣe é.

Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn kò fi falẹ̀. Lọ́dún 2015, FDA fọwọ́ sí alirocumab àti evolocumab, abẹ́rẹ́ méjì tó ń di PCSK9 lọ́wọ́. Ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, tí ènìyàn 27,564 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé evolocumab dín LDL kù ní ìdá 59 nínú 100, ó sì dín ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù. Inclisiran tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀méjì lọ́dún ni ènìyàn ń gba tirẹ̀. Owó àwọn oògùn wọ̀nyí pọ̀ débi pé àwọn ìbátan àwọn tí ara wọn kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ yìí, ní Amẹ́ríkà àti ní Áfíríkà, ló ń ṣòro fún jù láti rà wọ́n.

7.5 Ẹ̀jẹ̀ ríru: oògùn wo ló bá wa mu?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn dókítà Áfíríkà ń lò dúró lórí ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ funfun ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìwọ̀nba aláwọ̀ dúdú tó ń gbé lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ aláìsàn nílò oògùn méjì pa pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò ńlá tó sọ èyí tó yẹ kí wọ́n pa pọ̀ fún ẹni tó ń gbé ní Abuja tàbí Kampala.

Ìdánwò CREOLE ló dáhùn. Dike Ojji ti Yunifásítì Abuja àti Bongani Mayosi ti Cape Town ló ṣáájú rẹ̀. Mayosi kú lọ́dún 2018, kò rí ọjọ́ tí èsì jáde. Ènìyàn 728 ló kópa, ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Kamẹrúùnù àti Mòsáńbíìkì. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan gba amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀. Àwọn kan gba amlodipine pẹ̀lú perindopril. Àwọn yòókù gba perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide. Èsì tó jáde ní March 2019 fi hàn pé ọ̀nà méjì tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ń mú ìfúnpá wálẹ̀ ju ẹ̀kẹta lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 3 lórí ẹ̀rọ. Ìwọ̀n 3 lè dà bí ohun kékeré lójú. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn, ó ń dín iye àwọn tí rọpárọsẹ̀ ń gbé dè kù.

Ojji kò dúró síbẹ̀. Ìdánwò VERONICA, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2024 nínú *JAMA*, gba ọmọ Nàìjíríà 300 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ìdajì gba hóró kan ṣoṣo lóòjọ́, tó ní telmisartan, amlodipine àti indapamide nínú ní ìwọ̀n kékeré. Ìdajì gba ìtọ́jú tí ìwé ìlànà Nàìjíríà là sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ìdá 81 nínú 100 lára àwọn tó ń lo hóró kan náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ dé ibi tó yẹ. Lára àwọn yòókù, ìdá 55 ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 82 sí 72 ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àgbàlagbà tó ń ka hóró oríṣiríṣi látinú àpò láràárọ̀, tó sì ń gbàgbé ọ̀kan, yóò mọ ìdí tí hóró kan fi rọrùn ju mẹ́ta lọ. Lọ́dún 2025, FDA fọwọ́ sí irú hóró yìí ní Amẹ́ríkà.

7.6 Àwọn obìnrin Ìbàdàn

Lọ́dún 1990, Mary-Claire King fi hàn pé jíìnì kan tó ń mú kí jẹjẹrẹ ọmú máa rìn nínú ìdílé wà lórí kúrómósóòmù 17. Lọ́dún 1994 ni wọ́n rí jíìnì náà gan-an, BRCA1. BRCA2 tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni láti máa tún DNA ṣe nígbà tó bá já. Ẹni tó bá jogún èyí tó bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń kó àṣìṣe jọ, ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin sì ń ga lára rẹ̀. Ọkùnrin náà lè jogún rẹ̀, ó sì lè fi í lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1980, tó sì di ọ̀gá nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Yunifásítì Chicago, ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ní Chicago kéré lọ́jọ́ orí, jẹjẹrẹ wọn sì le. Àwọn ẹbí rẹ̀ nílé náà ń sọ irú ìròyìn kan náà. Láti ọdún 1998, òun àti àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí oníṣẹ́ abẹ Tèmídayọ̀ Ògúndìran wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú àti ti àwọn tí kò ní.

Lọ́dún 2018 ni wọ́n tẹ èsì jáde. Nínú obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, 167 ló jogún jíìnì tó bàjẹ́, ìyẹn ìdá 14.7 nínú 100. BRCA1 nìkan jẹ́ ìdá 7, BRCA2 jẹ́ ìdá 4.1. Lára obìnrin 997 tí kò ní jẹjẹrẹ, ìdá 1.8 péré ló ní irú rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn, nǹkan bí ọ̀kan nínú obìnrin méje tó wá sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọmú ló gbé e wá láti ìdílé. Àwọn olùwádìí náà dámọ̀ràn pé kí àyẹ̀wò jíìnì wà fún gbogbo obìnrin tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ ọmú lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, kí wọ́n sì yẹ àwọn arábìnrin rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò yìí ń yí ìtọ́jú padà. Sẹ́ẹ̀lì ní ju ọ̀nà kan lọ láti tún DNA ṣe. Ẹni tó ní ọ̀nà méjì wọ ọjà, bí ọ̀kan bá dí, yóò gba èkejì. Bí méjèèjì bá dí, ọjà rẹ̀ ti tú nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí BRCA rẹ̀ ti bàjẹ́ ti pàdánù ọ̀nà kan. Olaparib, tí FDA fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin lọ́dún 2014, ń dí ọ̀nà kejì, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú. Ìdánwò OlympiA, lọ́dún 2021, lò ó fún àwọn tí wọ́n tètè rí jẹjẹrẹ ọmú wọn tí BRCA wọn sì bàjẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 85.9 nínú 100 lára àwọn tó lo olaparib ni àrùn náà kò tíì padà sára wọn; lára àwọn tí kò lò ó, ìdá 77.1 ni.

7.7 Ẹ̀pà ní London àti Ísírẹ́lì

Lọ́dún 1998, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ìdílé tí aléjì wà nínú wọn nímọ̀ràn pé kí ọmọ má fẹnu kan ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ irú rẹ̀ lọ́dún 2000. Ó dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n aléjì ẹ̀pà kò dín kù.

Gideon Lack ti King's College London àti George Du Toit fi àwọn ọmọ Júù tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé àwọn ọmọ Júù tó wà ní Ísírẹ́lì. Ìran wọn jọra. Síbẹ̀, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé aléjì ẹ̀pà lára àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ti Ísírẹ́lì. Ìyàtọ̀ tó hàn gbangba ni pé àwọn ìyá ní Ísírẹ́lì ti ń fún ọmọ ní ìpápánu ẹ̀pà rírọ̀ kan, Bamba, kí ó tó pé ọdún kan.

Èyí náà jẹ́ ohun méjì tó jọ ń rìn pọ̀ lásán. Lack mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ìdánwò LEAP kalẹ̀. Ọmọ 640 ló gbà, láti ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, gbogbo wọn ní èkúrú líle lára tàbí aléjì ẹyin. Gègé ló pín wọn: apá kan ń jẹ ẹ̀pà déédéé, apá kejì kò fẹnu kàn án títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Èsì jáde lọ́dún 2015. Lára àwọn tí àyẹ̀wò awọ ara wọn kò fi aléjì ẹ̀pà hàn níbẹ̀rẹ̀, ìdá 13.7 nínú 100 àwọn tó yẹra fún ẹ̀pà ló ní aléjì náà, ìdá 1.9 péré lára àwọn tó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tún yẹ àwọn ọmọ náà wò ní nǹkan bí ọdún méjìlá, ààbò náà ṣì wà.

Àlàyé Lack ni pé ọ̀nà tí ẹ̀pà kọ́kọ́ gbà wọ ara ló ń pinnu. Bó bá gba ẹnu wọlé, ara á mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ. Bí eruku rẹ̀ bá gba ojú awọ ara tó ti sán wọlé lára ọmọ tó ní èkúrú, kí ọmọ náà tó jẹ ẹ́ rí, ara á kà á sí ọ̀tá. Láti ọdún 2017, ìlànà ní Amẹ́ríkà ti yí padà: kí ọmọ tètè jẹ ẹ̀pà, kí dókítà sì kọ́kọ́ yẹ ẹni tí èkúrú rẹ̀ le wò. Odindi hóró ẹ̀pà kọ́ ni wọ́n ní kí wọ́n fún ọmọ ìkókó, nítorí ó lè há a lọ́fun. Èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ rírọ̀, ni.

Fún àwọn tí aléjì ti mú, FDA fọwọ́ sí omalizumab fún aléjì oúnjẹ ní oṣù kejì ọdún 2024. IgE tí tọkọtaya Ishizaka rí lọ́dún 1966 gan-an ni oògùn yìí ń dì mú. Nínú ìdánwò rẹ̀, ìdá 67 nínú 100 àwọn tó gbà á lè jẹ ẹ̀pà díẹ̀ láì sí wàhálà. Lára àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tí oògùn kò sí nínú rẹ̀, ìdá 7 ni.

7.8 Àwọn tí a kò tíì kà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ayé ń ya àwòrán ìyàtọ̀ jíìnì ọmọ ènìyàn nínú iṣẹ́ HapMap, tí èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 2005, ènìyàn 269 ni wọ́n lò. Àádọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ kan, lọ́nà ọgbọ̀n. Títí dòní, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyí, tí wọ́n ń kọ ní YRI, wà nínú àìmọye ìwádìí káàkiri àgbáyé.

Síbẹ̀, ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé ìdá 81 nínú 100 àwọn tó kópa nínú ìwádìí ńlá lórí jíìnì àti àrùn ló jẹ́ ìran Yúróòpù. Ìdá 3 péré ló jẹ́ ìran Áfíríkà. Áfíríkà sì ni jíìnì ènìyàn ti yàtọ̀ síra jù lọ láyé. Bí Dallas kò bá ka àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́, oògùn PCSK9 ì bá pẹ́ sí i. Bí Ìbàdàn kò bá kó ẹ̀jẹ̀ jọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ọ̀kan nínú méje ni. Fífi àwọn ènìyàn Áfíríkà sínú ìwádìí kì í ṣe àánú tí wọ́n ń ṣe fún wa. Ìmọ̀ ìṣègùn fúnra rẹ̀ ló ń pàdánù bí wọn kò bá sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí nìdí tí ara àwọn aláìsàn Tennessee fi kọ cetuximab nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà á?
2. Ìwádìí ọdún 2018 lórí ènìyàn 118 ní Virginia kò lè sọ pé alpha-gal ló ń fa àrùn ọkàn. Ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí o sì sọ irú ìwádìí tí ì bá lè sọ bẹ́ẹ̀.
3. Fi ìwádìí ọdún 2008 lórí àwọn ọmọ Júù wé ìdánwò LEAP. Kí ni LEAP ṣe tí ti àkọ́kọ́ kò ṣe?
4. Ṣàlàyé, pẹ̀lú àwòrán, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí LDL nínú ẹ̀dọ̀ ẹni tí PCSK9 rẹ̀ ń ṣe jù àti ti ẹni tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́.
5. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ irú àìsàn tó ti ṣe ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹbí, ní ìhà bàbá àti ní ìhà ìyá. Kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí tí ó bẹ̀rẹ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí o sì mú un dání nígbà mìíràn tí o bá ń lọ rí dókítà.